Iyanrìn Lábẹ́ Eyín Bàbá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Mo délé. Ìsédò wà níbi tó wà láti kékeré mi: ògiri amọ̀ gbọọrọ tó sé odò, koríko orí rẹ̀ gún régé. Bàbá ló ń gé e. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣọ́ ọ. Ọ̀gá Omi ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, bí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan.

Mo sọ fún ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì pé kò yẹ kí n jẹ́ ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ bàbá mi wò. Ó ní ta ló tún kù? Àwa méjì péré la mọ iṣẹ́ yìí, orúnkún sì ń dun ẹnì kejì — òun fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Fèrèsé yàrá mi àtijọ́ kọjú sí ògiri náà. Gbogbo omi ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju òrùlé wa lọ. Mo sùn lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún, n kò rò ó rí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo rin orí ògiri já. Kò sí ibi tó sán. Bàbá ń tẹ̀ lé mi, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de èsì. "Ẹ rọra o, Ẹnjinníà, ẹ má jìn sí kòtò." Ó tún ń tẹrí ba. Mo ní kó yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi dùn ṣá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Páìpù ìdí ògiri. Ògiri amọ̀ kò lè ṣe kó má làágùn, páìpù yìí ló ń gba òógùn rẹ̀. Bí omi náà bá mọ́, kò séwu. Bó bá dọ̀tí, á jẹ́ pé ó ń jẹ ògiri láti inú, díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò wó lulẹ̀.

Láràárọ̀ ni Bàbá ń gbé garawa síbẹ̀, tí yóò máa kà títí garawa yóò fi kún. Yóò kọ iye tó kà, yóò kọ ọ̀rọ̀ kan sí i: Mọ́. "Mọ́" inú àwọn ìwé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.

Mo fi ife gíláàsì bu díẹ̀. Ó rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Mo gbé e sókè, mo ní Bàbá, báwo lẹ ṣe rí i? Ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Mọ́."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ife náà sùn sójú fèrèsé mọ́jú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ amọ̀ ti wà ní ìdí rẹ̀, ó nípọn tó èékánná.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo bá Màámi ní ilé ìdáná. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ó ti pé ọdún kan. Òun Màámi ló ní kí wọ́n má sọ fún mi. "Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò máa jí ṣe?"

Mo bínú. Lẹ́yìn náà mo sunkún, Màámi sì fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi bí ẹni pé mo ṣì wà ní kékeré.

Bí mo bá kọ òótọ́, Ọ̀gá Omi kò ní jẹ́ Ọ̀gá Omi mọ́. Bí n kò bá kọ ọ́, ọgbọ̀n ilé ló wà nísàlẹ̀ ògiri. Tiwa ni àkọ́kọ́.

Èyí tó dùn mí jù: iye tó ń kà kò purọ́. Ó ń dín kù láti oṣù kẹfà — ogójì, mẹ́rìndínlógójì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Omi ń yára sí i. Ó kọ gbogbo rẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lóṣooṣù. Orí tábìlì mi ni wọ́n ń kó o sí. N kò ṣí ọ̀kan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo sọ fún un, níbi páìpù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́n omi sẹ́nu, ó yí i ká, ó pa eyín pọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń dún kẹrẹkẹrẹ. Ó tu ú.

"Iyanrìn."

Mo ní bóyá mo lè kọ ọ́ lọ́nà tí wọn kò ní fi… Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣé omi la ó wá fi sórí rẹ̀ sùn? Gba bírò."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kò mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìkọ̀wé ẹlòmíràn dé ibẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló yí ilẹ̀kùn omi ṣí kí omi ẹ̀yìn ògiri lè fà, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ojú lọ. Màámi ti kó gbogbo ará ìsàlẹ̀ gòkè lọ sí iléèwé kí oòrùn tó wọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Omi ti fà tó ìdúró ènìyàn kan. Ilé wa ṣì wà. Bàbá ń hanrun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbẹ́ ibi tó rọ̀, wọ́n ti fi iyanrìn àti òkúta dí i. Mo fi àbọ̀ ránṣẹ́. Mo kọ ti ojú Bàbá. Mo kọ ti tábìlì mi náà. Ọ̀gá wa pè: ṣé dandan ni ti tábìlì yẹn? Mo ní dandan ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Lẹ́tà dé. Ẹlòmíràn ni yóò máa ṣọ́ ìsédò láti oṣù tó ń bọ̀, Bàbá ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Dókítà ojú pẹ̀lú ti dá ọjọ́ fún Bàbá. Bàbá ní kí n ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ kò burú, òun ò ní lu ọmọ ọlọ́mọ ṣá.

A jọ lọ síbi páìpù. Ó ka mọ́kànlélógójì kí garawa tó kún. Mo bu omi sínú ife, mo gbé e síwájú oòrùn, mo rí ìka mi márààrún láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní, "Ó mọ́, Bàbá."

Ó nawọ́. "Gbé e wá ná."

Ó bu ú sẹ́nu. Ó yí i ká. Ó pa eyín pọ̀. Èmi ni mo wá káwọ́ sẹ́yìn, mo ń dúró de èsì.

Ó gbé e mì. Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀."