Ẹ̀bẹ̀ Kí Ẹ Má Ṣe Dá Oògùn Inú Òtútù Dúró ní Erékùṣù Wa

Ilé Ìpòògùn,
Ẹ̀yìn Èbúté,
Erékùṣù.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀wàrà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìpèsè Oògùn,
Òdìkejì Omi.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

OÒGÙN TÍ Ó Ń BÀJẸ́ LÓJÚ Ọ̀NÀ, ÀTI ÌPINNU YÍN PÉ KÍ ẸNI TÍ Ó Ń LÒ Ó KÓ KÚRÒ NÍBÍ

1. Èmi ni apòògùn tí ẹ gbé wá sí erékùṣù yìí lọ́dún tó kọjá. Mo gba lẹ́tà yín pé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ kò ní fi oògùn tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ránṣẹ́ síbí mọ́ nítorí pé ó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, àti pé kí ẹni tí kò lè ṣe aláìlò ó kó wá sí òdìkejì omi. Òótọ́ ni pé oògùn náà ń bàjẹ́. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ gan-an ni mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún yín.

2. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń lo ínsúlínì, oògùn inú òtútù náà, níbí: ìyá tí ó ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo erékùṣù, tí a ń pè ní Ìyá Búrẹ́dì. Àtọ̀gbẹ tí ó ń ṣe é kì í ṣe èyí tí a lè fi oògùn oníhóró wò. Bí kò bá rí abẹ́rẹ́ gún, yóò kú. Ọkọ rẹ̀ ni awakọ̀ ojú omi tí ó ń kó èrò, ìrẹsì, símẹ́ńtì àti oògùn yín wá fún wa. Kò sí ọkọ̀ mìíràn.

3. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù. Ọkọ̀ náà kéré, kò ní òrùlé, ìgbì sì máa ń ta omi sí gbogbo ara rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí omi kì í dé ni pákó tí ó bo ẹ́ńjìnnì. Àwọn ará ibí ń pè é ní ìjókòó àgbà. Ẹrù tí wọ́n bá kà sí iyebíye, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí: ìwé ilé-ẹ̀kọ́, aṣọ ìyàwó, ẹrù àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó bọ̀. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń kó bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbé àpótí wa sí. Ìrẹsì wa tí ó wà níwájú ọkọ̀ tutù rinrin. Àpótí gbẹ, ṣùgbọ́n àbẹ́là tí mo tò sáàárín aṣọ ti yọ́ mọ́ ṣòkòtò ọkọ mi. Ọkọ mi ní oòrùn erékùṣù ló ń kí òun káàbọ̀. A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

4. Ẹni tí ó bá kó wá síbí ní ohun púpọ̀ láti kọ́. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irin, títí kan àgádágodo ilẹ̀kùn. Aládùúgbò kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ohun tí a bá gbàgbé láti rà lódìkejì omi, a ó tọrọ rẹ̀ tàbí kí a máa gbé ayé láìsí i. Nítorí iyọ̀ yìí ni mo fi ń nu ẹ̀yìn fíríìjì ilé ìpòògùn fúnra mi. Òṣìṣẹ́ tí ẹ rán wá yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àléébù kankan. Síbẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Ìyá Búrẹ́dì ń ròkè sí i. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìyá, ẹ yé tọ́ ìyẹ̀fun aládùn yẹn wò.” Òun náà a máa dá wọn lóhùn pé, “Tí n kò bá tọ́ ọ wò, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó jẹ èyí tí kò dùn?” Èmi náà bi í léèrè ohun tí ó ń jẹ títí ọ̀rọ̀ mi fi sú u.

5. Lóṣù tó kọjá, mo wá gba oògùn náà lọ́dọ̀ yín fúnra mi, mo sì to yìnyín yí i ká nínú kúlà. Awakọ̀ gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí ìjókòó àgbà, ó sì fi aṣọ ìbora tó nípọn wé e. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi gbé e síbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ó ní, “Apòògùn, oògùn ìyàwó mi mà nìyẹn. Ṣé kí n wá jẹ́ kí omi ta sí i ni?” Mo gbé ọwọ́ lé pákó náà. Kíá ni mo fa ọwọ́ kúrò, ó gbóná. Kò sí ibi mìíràn tó gbẹ nínú ọkọ̀; kí a tó gúnlẹ̀, yìnyín ti di omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

6. Ínsúlínì tí ooru bá ti bàjẹ́ lè má yí àwọ̀ padà, kí ó má sì rùn. Ẹni tí ń wò ó kò lè mọ̀. Pákó ń gba ooru ẹ́ńjìnnì, aṣọ ìbora sì ń há a mọ́ kúlà lára. Ohun tí ó ti bàjẹ́ ni fíríìjì mi ń gbà, tí ó sì ń tọ́jú dáadáa. Bí ẹ bá ra fíríìjì mìíràn fún mi, ohun kan náà ni yóò ṣe.

7. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún awakọ̀, ó jókòó sí èbúté. Ó ní kí n fi ibi tí ó yẹ han òun. Ó kan àpótí pákó kan síwájú ọkọ̀, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, ó sì fi tapólì bò ó. Láti ìgbà náà, yìnyín kì í tíì yọ́ tán nígbà tí oògùn bá dé ọwọ́ mi, ṣúgà Ìyá Búrẹ́dì sì ti wálẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí, ó ní, “Baálé mi, ṣé ẹ ti wá rí i pé kì í ṣe ìyẹ̀fun?”

8. Ní ti kíkó lọ, Ìyá Búrẹ́dì bi mí bóyá Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí òun gbé ààrò búrẹ́dì òun dání. Mo gbé ìbéèrè náà wá síwájú yín bí ó ṣe bi mí. Ọkọ rẹ̀ kò lè bá a lọ, nítorí bí ó bá lọ, kò sí ẹni tí yóò máa wa ọkọ̀.

9. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ fagi lé ìpinnu yìí kí oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé. Bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ rán ẹnì kan kí ó bá oògùn wọ ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín títí dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ sọ fún un kí ó gbé ọwọ́ lé pákó náà, lẹ́yìn náà kí ó gbé e lé àpótí tó wà níwájú. Mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fi ìyà jẹ awakọ̀ náà. Ibi tí ó dára jù nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni ó gbé oògùn sí.

10. Òun náà ni yóò mú lẹ́tà yìí wá bá yín. Ó ti bi mí ibi tí òun yóò gbé e sí. Mo ní ooru kì í ba lẹ́tà jẹ́, omi ni kí ó má jẹ́ kó ta sí i. Kí ó gbé e sórí ìjókòó àgbà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín lẹ́nu iṣẹ́ ìlera,

Apòògùn Erékùṣù