Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tí Èmi àti Ìyá Rẹ Jọ Pín

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà, mo sì kí ọ kú ìjókòó ní pàtàkì, nítorí ìyá rẹ ní ìjókòó gan-an ni iṣẹ́ tí o ń ṣe níbẹ̀, pé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni o ń wo ojú kọ̀ǹpútà tí ìyẹn náà ń wo ojú rẹ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó dìde yóò máa ṣọ́ ẹni tó jókòó. Àga abẹ́ rẹ kò ní yẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, àwọn tó ń bá ọ rẹ́rìn-ín kò ní fi eyín kan náà gé ọ jẹ. Àmín. Bí o bá bèèrè wa, a wà. A kò kú, a kò sì lọ síbì kankan. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì ń ké bí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé kò sí ilẹ̀kùn tó ń bàjẹ́ tó ti káfíńtà.

Ìròyìn tí mo fẹ́ fún ọ ni ti ẹ̀jẹ̀ mi, torí ọjọ́ tí o yọjú, ti oògùn nìkan lo gbọ́, o kò dúró gbọ́ ìyókù. Ní bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì kan gbé tábìlì wá sí ìkóríta wa, ó ní òun ń wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ibi tó ń dùn mí, ṣùgbọ́n nǹkan ọ̀fẹ́ ni, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ mo lọ. Ó wé aṣọ kan mọ́ mi lápá, ó ń tẹ rọ́bà kan, aṣọ náà ń wú, ó fún mi lápá bí ẹni fẹ́ fún omi inú rẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ náà mí kanlẹ̀, nọ́ọ̀sì náà sì mí kanlẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí ìwé: ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà. Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé tó bẹ́ẹ̀, ìgbà wo lo gba ọgọ́sàn-án nínú àádọ́fà rí? Ìgbà tí o ṣe dáadáa jù, mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni, mo sì ra bàtà fún ọ. Mo di ìwé náà mú, mo gba iwájú ilé gbogbo ènìyàn kọjá. Mo fi han aránṣọ tó wà ní òdìkejì ilé wa, èyí tí a ń pè ní Mo-ti-mọ̀, torí kò sí ohun tí o lè sọ fún un tí kò ní ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ó wò ó, ó ní òun ti mọ̀ pé ọpọlọ wà lórí mi, pé òun náà gba máàkì tó jọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Inú mi kò dùn sí èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn.

Nọ́ọ̀sì náà kò bá mi yọ̀. Ó ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, kí n má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fún mi, mo wọ ẹ̀wù tó dára jù, Mo-ti-mọ̀ sì tẹ̀lé mi. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ. Mo wo ọ̀tún, ògiri ni. Mo wo òsì, Mo-ti-mọ̀ ló jókòó tì mí tí ìgúnpá rẹ̀ ń gún mi níhà, mo bá kọ orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé wọn ní ṣé mi ò bímọ ni. Mo ní mo bí mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹni tó sún mọ́ mi lẹ bèèrè, àwọn ọmọ mi kò sún mọ́ ibí rárá, odindi ọjọ́ kan ni ọkọ̀ fi ń rìn dé ọ̀dọ̀ èyí tó sún mọ́ jù nínú wọn. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Dókítà tó rí mi kò ju ọjọ́ orí àbígbẹ̀yìn wa lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo ní irọ́ ni, ẹ bi ìyàwó mi, èmi kì í bínú. Ó ní kì í ṣe ti ìbínú, pé ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ló pọ̀ jù. Ó wá mú káàdì oògùn kan jáde, hóró funfun roboto, ó ní tẹ́lẹ̀ òun ìbá fún mi ní oríṣi méjì, n ó máa gbé èyí, n ó máa gbàgbé ìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa oògùn méjì pọ̀ sínú hóró kan báyìí, kí n lo ẹyọ kan láràárọ̀, kí n má fo ọjọ́ kan, àní bí ara mi bá yá gágá. Ó tún ní kí n dín iyọ̀ kù. Ìyẹn rọrùn, mo ní kí ìyá rẹ da iyọ̀ kúrò nínú agolo ńlá sínú agolo kékeré.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn méjì nínú hóró kan gbà mí lọ́kàn. Bí o bá kó ẹni méjì sínú yàrá kan láìkan pákó sí àárín wọn, ìjà ni. Mo ń rò ó bọ̀ lójú ọ̀nà ni Mo-ti-mọ̀ bá ní òun ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní dókítà ti rí i nínú fọ́ọ̀mù pé mo níyàwó, ó wá fi ti ìyàwó pa mọ́ sínú ti ọkọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni èmi àti ìyá rẹ ti jọ ń jẹun, mi ò jẹ méjì rí kí òun má jẹ ọ̀kan. Ṣé torí mo gba máàkì ni n ó wá dá oògùn méjì gbé mì?

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo gbé hóró kan sórí tábìlì iṣẹ́, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tín-ín-rín sí i láàárín, mo fi ẹ̀mú dì í mú, mo sì fi ayùn mi tó kéré jù gé e sí méjì. Ọmọ mi, o ò lè mọ èyí tó tóbi. Ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀, mo fi ìka tọ́ ọ lá. Mo gbé ìdajì fún ìyá rẹ pẹ̀lú omi. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Mo ní èmi náà, kò sí ohun tó ń ṣe mí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àìsàn yìí ṣe rí. Ó rò ó wò, ó sì gbé e mì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwọ náà gbìyànjú, n ò ní purọ́ mọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí o ti wá yọjú sí wa, tí o kò tilẹ̀ bọ́ bàtà, tí o fún mi ní fóònù tí o ní yóò máa dún láago méje àárọ̀ kí n má ba à gbàgbé oògùn, o kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Aago méje géérégé, o ti pè. Mo máa ń gbé e sétí, mo ń kí ọ, mo ń bèèrè àwọn ọmọ, o kì í fọhùn. Ìyá rẹ ní ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ọ́ ni. A kàn máa ń gbàdúrà fún ọ títí orin inú rẹ̀ yóò fi dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé kì í ṣe ìwọ, pé fóònù náà ló ń dá dún. Mo ní kó má ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́. Irin tútù wo ni yóò rántí ènìyàn láràárọ̀ tí ọmọ ẹni kò ní rántí ẹni?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyá rẹ. Bó bá ti dìde, á di ògiri mú. Mo ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Òòyì ò kọ́ èmi rárá, mo wá ń jowú, mo rò pé ìdajì tó lágbára ni mo ń gbé fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti kó èérún igi lábẹ́ tábìlì mi, ó nàró, òòyì gbé e, ó sì ṣubú, etí tábìlì tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn ló gbá a níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Mo pè é, kò dáhùn. Mo pè é ní orúkọ tí mo ń pè é kí a tó bí ọ, orúkọ tí ẹ̀yin ọmọ kò gbọ́ rí, kò dáhùn. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí agbára. Mo da pákó inú ọmọlanke mi sílẹ̀, mo tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, mo ń fà, Mo-ti-mọ̀ ń tì láti ẹ̀yìn, mo ń sunkún lójú títì bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ojú kò sì tì mí. Ó kù díẹ̀ ká dé ilé ìwòsàn ló lajú, ó ní kí n rọra máa wọ kòtò.

Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ mi níjọ́sí ló gbà wá. Ó rán ojú ọgbẹ́ náà, ó sì wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ: àádọ́rùn-ún lórí àádọ́ta. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó má bá a wí, kò pẹ́ nílé ìwé. Ó wọn tèmi: ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà, kò dín. Nọ́ọ̀sì bi ìyá rẹ pé kí ló ń lò, ìyá rẹ sì ròyìn rúlà, ẹ̀mú àti ayùn fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. Nọ́ọ̀sì náà wá àga, ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ṣeé kọ sínú lẹ́tà. Ó ní kì í ṣe ìdánwò, pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga ni mo ṣe ń sún mọ́ ibi tí ènìyàn ti ń sùn tí yóò jí, tí apá kan ara rẹ̀ kò ní jí. Ó ní oògùn tí wọ́n fún ẹnì kan, ẹlòmíràn kì í bá a lò ó. Ó wá bi mí pé bí mo bá fẹ́ gbé pákó gígùn, ṣé mo máa ń dá a gbé. Mo ní rárá, ẹnì kan lórí, ẹnì kan nídìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni oògùn méjèèjì, iṣẹ́ kan ni wọ́n jọ ń ṣe, ọ̀kan ń mú kí iṣan dẹ̀, èkejì ń bá ara da omi àti iyọ̀ tó pọ̀ jù nù. Mo ní ó ti yé mi, pé ẹni orí ni mo fún ìyàwó mi, mo mú ẹni ìdí. Ó ní rárá o, àwọn méjèèjì ló wà nínú ìdajì kọ̀ọ̀kan, pé ẹni méjèèjì ni mo fi ayùn gé ní ìbàdí. Ọmọ mi, ara mi bù máṣọ.

Mo-ti-mọ̀ ti dákẹ́ láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ apá kan ara. Wọ́n ti fún òun náà ní oògùn rí, ó lò ó fún oṣù kan, ó ní òun ti mọ̀ pé ara òun ti yá, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Nọ́ọ̀sì wé aṣọ mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tún un wò, kò ka nọ́ńbà náà síta, ó kàn fà á lọ́wọ́ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí mo bi í pé kí ni wọ́n sọ, ó ní òun kò mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí a ti jọ ń gbé, mi ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ara rẹ̀ ti ń yá báyìí, ó ń lo oògùn rẹ̀.

Ìyá rẹ gba káàdì oògùn lọ́wọ́ mi. Láràárọ̀ ó ń fún mi ní odindi hóró kan, á wò mí gbé e mì, á ní kí n la ẹnu, á yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni fẹ́ ra ewúrẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nọ́ọ̀sì wọ̀n mí, ó ní àádóje lórí ọgọ́rin, ó pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ nítorí ìyá rẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ìwọ, ó dùn mí díẹ̀. Àádọ́ta odindi ló já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló pa bàbá mi. Mo ní èèyàn ló pa á. Ó ní èèyàn báwo. Mo ní ó ń fá pákó lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú orí dání, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣubú, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti kú. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, kò ṣàìsàn rí. Gbogbo ilé fi ẹnu kò pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà nídìí rẹ̀, torí òun ló bu omi fún un mu kẹ́yìn. Ìyá àgbà tó ń dá gbé ní ìpẹ̀kun àdúgbò, tí a kìlọ̀ fún ẹ̀yin ọmọ pé kí ẹ má gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó wá ní orí fífọ́ àti ẹnu wíwọ́ yẹn, kò jọ ti omi lójú òun, ẹ̀jẹ̀ ríru ló jọ, àti pé ó máa ń bá ìdílé rìn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ìyá àgbà náà. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ní a ṣẹ̀ ẹ́, gbogbo wa la ṣẹ̀ ẹ́, ọdún méjìdínlógójì la fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde kí eruku má ba ẹ̀wù mi jẹ́. Ó wọlé, ó mú káàdì oògùn kan jáde, hóró funfun roboto bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tí òun ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pé látìgbà náà ni wọ́n ti ní kí òun kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni yóò gba oògùn lọ́wọ́ àjẹ́?



Nítorí náà, fi owó oògùn ránṣẹ́, tèmi àti ti ìyá àgbà náà, torí ó ti ń dá ra tirẹ̀ tipẹ́. Má fi í sí báǹkì o. Èyí tí o fi síbẹ̀ níjelòó, akọ̀wé wọn ní ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ní kó kàn ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ kí n yọjú wò ó, ó ní kò ṣeé wò. Mú un wá fúnra rẹ. Ọdún yìí lo pé méjìlélógójì, ọdún mẹ́wàá péré ló kù kí o bá bàbá mi dọ́gba. Kí o tó wá, dìde níbi tí o jókòó sí, lọ na apá fún àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ̀ yín kí wọ́n wọ̀n ọ́. Má sọ fún mi pé kò sí ibi tó ń dùn ọ́. Kò sí ibi tó dun bàbá mi títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí o bá sì dé, ilé ìyá àgbà ni kí o kọ́kọ́ yà sí. Gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, kí o mu ún lójú gbogbo àdúgbò.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí. Iṣan rẹ yóò dẹ̀, ọkàn rẹ yóò balẹ̀, oorun rẹ yóò ní ìjí. Ikú tí àwọn tó kù yóò máa wá ẹni tí wọ́n máa dì í rù, Ọlọ́run má jẹ́ kí á kú u.

Èmi ni, bàbá rẹ.