Kí Ẹnikẹ́ni Má Ṣe Tún Ẹ̀rọ Omi Ẹ̀yìnkùlé Ṣe

Èmi, tí orúkọ mi ní kíkún wà lára ìwé ilé yìí, tí gbogbo àdúgbò sì ń pè ní Ọ̀gá Páìpù, púlọ́mbà, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ń sọ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí mi pé orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi kọ ohun tí mo kọ. Àyà mi nìkan ni kò dára mọ́. Dókítà wò ó, ó mi orí, ó ní kí n lọ tún ilé mi tò. Agbẹjọ́rò ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ìdílé sínú ìwé ogún yìí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń lọ, kì í ṣe òun.

Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé wa, ni mo yàn láti mú gbogbo rẹ̀ ṣẹ. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé nǹkan.

1. Àpótí irinṣẹ́ mi, pẹ̀lú sípánà ńlá méjèèjì àti ayùn irin, di ti àkọ́bí mi ọkùnrin, tí òun náà jẹ́ púlọ́mbà. Àdéhùn kan péré ló wà níbẹ̀: ẹ̀rọ omi tó ń jò ní ẹ̀yìnkùlé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́. Bí omi bá ń kán níbì kan, oorun kì í kùn ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wàyí o, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó máa jò. Àwọn ẹran igbó ló ń mu ún.

2. Ilé yìí, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pálọ̀, àti ẹ̀yìnkùlé títí dé ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, di ti ìyàwó mi, aránṣọ, tó ti ń gbé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó kọ ẹnì kejì sílẹ̀ nínú wa.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò mọ ìdí tó fi lọ. Ìyá yín ló gbé abọ́ tánganran sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó rì í títí etí abọ́ fi bá ilẹ̀ dọ́gba, ó sì fi òkúta sí àárín kí oyin àti alángbá lè rí ibi gùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àdàbà á wá, ọ̀kẹ́rẹ́ á wá, ẹtu kan a sì máa mú ọmọ rẹ̀ wá ní ìdájí. Ìyá yín á dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, kò ní mira. Èmi á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni mo máa ń wò ní tèmi.

Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé Ọ̀gá Páìpù ń jò, ojú sì ń tì mí. Nígbà tí ìyá yín lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ fún oṣù kan gbáko, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, mo pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀rọ náà kó má bàa jò mọ́, mo sì da abọ́ dojú dé. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bá ọmọ ẹtu nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó ti kú. Mo gbé e sọ sínú igbó. Ìyá yín dé, ó bi mí, mo purọ́ pé ṣe ni wọn kò wá mọ́. Ó lọ sẹ́yìn, ó rí bí pátákò ṣe ha ilẹ̀ yí abọ́ ká. Kò bá mi jà. Ìbá tilẹ̀ bá mi jà! Ó kàn ní ohun tí kò lè kan ilẹ̀kùn ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́, ó sì di ẹrù rẹ̀.

Mo fi ọ̀bẹ gé rọ́bà tuntun náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an kí omi lè tún máa kán, mo sì gbé abọ́ sípò rẹ̀ padà. Àdàbà ló kọ́kọ́ padà. Ẹtu kò padà títí di ọdún kẹrin.

3. Tábìlì ìránṣọ tó wà ní pálọ̀, ti ìyá yín ni láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò lè fún un ní ohun ìní rẹ̀. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé n kò gbé nǹkan kan lé e rí. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń fọwọ́ pa á. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo ti dàgbà ju kí n máa tijú láti sọ ọ́.

4. Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì, ti ń fojú wọn ẹ̀yìnkùlé pé òun yóò da sìmẹ́ǹtì síbẹ̀ láti gbé ọkọ̀ sí. Ó ti o! Kó gbé e síwájú ilé. Bó bá bínú, inú rẹ̀ yóò yọ́. Èmi náà ló jọ.

5. Ajá mi di ti Káfíńtà, aládùúgbò wa. Ajá dáadáa ni, àmọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ fara balẹ̀ mu omi. Kí Káfíńtà tọ́jú adìyẹ rẹ̀.

6. Sípánà kékeré tí mo máa ń fi sápò, kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Ọdún kejì tí ìyá yín lọ, mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n jókòó sí àgbàlá, pé ìyá yín lọ ra òwú. Ẹ̀rọ omi kan ń jò níbẹ̀. Mo gbójú kúrò. Mo tún wò ó. Ẹ gbà mí, ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ni: kí n tó mọ̀, mo ti fi sípánà fún un pinpin. Ibi tí mo ti ń nu ọwọ́ ni mo ti rí abọ́ nísàlẹ̀, òkúta wà láàárín rẹ̀, ìyá yín sì wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú òwú lọ́wọ́. Ó wò mí. Ó wọlé. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo ti há sórí láti ilé, n kò rí i sọ. Mo tú ẹ̀rọ náà padà, mo lọ, n kò sì tún débẹ̀ mọ́. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

7. Mo ti ka ìwé yìí látòkè délẹ̀, mo sì rí i pé ìgbà tí mo bá kú ni gbogbo rẹ̀ yóò ṣẹ. Ìgbà wo ni mo wá fẹ́ fojú kan ìyá yín? Nítorí náà, àṣẹ tó ṣíwájú gbogbo àṣẹ nìyí: kí Tíṣà má ṣe dúró de òkú mi. Kó gbé ìwé yìí lọ bá ìyàwó mi lónìí, kó sì kà á fún un.

Ìyá àwọn ọmọ mi, mo ṣì wà láàyè bí wọ́n ṣe ń ka èyí sí ọ létí. Mo jẹ̀bi. Má dúró di ọjọ́ ìsìnkú. Jọ̀wọ́, máa bọ̀.

Mo fọwọ́ sí i: Ọ̀gá Páìpù.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Onífọ́tò, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé mi.

Ẹlẹ́rìí kejì: Dírẹ́bà, tó ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ níta, tó ń dúró de Tíṣà.