Màámi, Mo Sọ fún Ọmọ Náà Pé Èmi Kọ́ Ni Ìyá Rẹ̀

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó ilé, ẹ kú ìrora ẹsẹ̀, ẹ kú àtijọ́. Mo kí Bàbá Àgbà lórí ìjókòó wọn, mo kí Bùrọ̀dá àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ọmọ agboolé títí kan ewúrẹ́ yín tó máa ń jẹ ìwé. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí fún yín, kó rọra kà á, kó má fo ìlà kankan. Mo gbé e fún àwọn oníwèé ìròyìn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, torí obìnrin bíi tèmi pọ̀ tó ń lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí lọ́jọ́ Sátidé, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe.

Ẹ bi mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí ohùn mi rí bẹ́ẹ̀, mo ní òtútù ni. Irọ́ ni mo pa, ẹ foríjì mí. Ẹkún ni.

Iṣẹ́ ń lọ. Ṣágámù ṣì ni mo wà, lọ́dọ̀ Ìyá Alóbì. Obì ni à ń bó, à ń ṣà á, à ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, a ó fewé wé ìyókù sínú agbọ̀n kí àwọn Háúsá tó kó o lọ sí Òkè Ọya. Ọwọ́ mi ti pọ́n kọjá ohun tí ọṣẹ lè bó. Òjò ọdún yìí kò dá, yàrá mi sì ń jò níbi tí mò ń gbórí sí, mo ti yí ìrọ̀rí síbi ẹsẹ̀. Àwọn ará ibí kò burú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu báyìí, wọ́n á ní Àǹtí Kútọnu ti dé, bẹ́ẹ̀ mi ò gbé Kútọnu rí. Ọmọ Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mí, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni mò ń sọ, síbẹ̀ àlejò ni mí. Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé, àjò tèmi ò tilẹ̀ dùn rárá.

Ìdí tí mo fi ń lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí nìyẹn, kì í ṣe àánú. Ìyá Alóbì ló kọ́kọ́ rán mi lọ síbẹ̀, lẹ́bàá Ìperu, kí n gbé àpò gàárì kan fún wọn, torí ó ń dúpẹ́ pé ọmọ òun bímọ láyọ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ, mo sọ gàárì kalẹ̀, mo fẹ́ máa lọ, mo wá rí òkìtì aṣọ lẹ́bàá kànga. Aṣọ ogún ọmọ, obìnrin kan ṣoṣo ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé èèyàn kì í fi ẹ kú iṣẹ́ lásán kọjá lára ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn. Mo ká aṣọ mi sókè, mo jókòó tì í. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mò ń lọ. Mò ń ra ọṣẹ dání, mò ń fọṣọ, mò ń dirun.

Ẹ béèrè nígbà náà pé kí ni wọ́n ń fún mi níbẹ̀, mo ní wọn kì í fún mi ní nǹkan kan. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọmọ yín ti ya wèrè ní Nàìjíríà. Màámi, wọ́n ń fún mi ní nǹkan. Bí kẹ̀kẹ́ mi bá ti ń yà wọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ti máa sáré bọ̀. Nínú gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń retí mi, ó sì dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àwọn mìíràn máa ń wá ṣọjọ́ ìbí níbẹ̀, wọ́n á gbé kúlà ìrẹsì wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Ó ti mọ́ àwọn ọmọ náà lára débi pé bí wọ́n bá ti gbúròó ọkọ̀, wọ́n á ti tò. Mo máa ń fi àwọn olóore oníkúlà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rò pé mo sàn jù wọ́n lọ.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìbùkún, ọmọ ọdún márùn-ún. Inú gáréèjì ni wọ́n ti rí i nígbà tí kò tíì lè dá jókòó, a ò mọ ẹni tó bí i. Òun ló máa ń bá mi pọn omi, tó máa ń di etí aṣọ mi mú títí iṣẹ́ á fi parí. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí ní màámi. Mo jẹ́ ìpè náà.

Wọ́n kọ òfin ilé náà gàdàgbà sára ògiri: ẹni tó bá wá ṣèrànwọ́, Àǹtí tàbí Ọ́ńkù ni kí àwọn ọmọ máa pè é, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ ìpè ìyá tàbí bàbá. Mátíróònù tó ń bójú tó ilé náà ti kà á sí mi létí. Mo kà á sí àṣà òyìnbó. Nílé wa, ta ni ọmọdé á pè ní ìyá tí á dákẹ́? À ń pe oníṣu ní ìyá, à ń pe ẹni tí a ò mọ̀ rí lójú ọ̀nà ní ìyá, a sì ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ mi. Mo rò pé kò ju ẹ káàárọ̀ lọ. Èmi náà wá ń sọ pé kí ọmọ mi gbé omi wá, pé màámi ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ mọ̀ pé mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, kò sì sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kúrò lẹ́nu mi mọ́.

Tọkọtaya kan wà ní Ìlíṣàn, olùkọ́ yunifásítì ni àwọn méjèèjì, wọn ò bímọ, wọ́n sì fẹ́ gba Ìbùkún ṣọmọ. Àwọn tó ń pa Sábáàtì mọ́ ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń wà ní Sátidé, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń wá wò ó, mi ò sì fojú kàn wọ́n rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti yẹ ilé wọn wò, gbogbo ètò ti ń parí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un pé àwọn á mú un lọ sílé, kó máa pe àwọn ní ìyá àti bàbá, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní òun ò lè lọ. Ó ní òun ní ìyá. Ó ní Sátidé Sátidé ni ìyá òun ń wá.

Wọ́n bi Mátíróònù pé ṣé ìyá ọmọ ṣì wà láyé ni. Wọ́n ní àwọn ò lè tọ́ ọmọ kí ẹnìkan wá gbà á lọ́wọ́ àwọn lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tí mo dé ní Sátidé, Mátíróònù pè mí wọ ọ́fíìsì. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní ọmọ ọwọ́ ni àwọn èèyàn máa ń fẹ́ gbà, pé ẹni tó bá béèrè ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni irú rẹ̀ ń wá. Ó bi mí bóyá èmi lè gbà á. Mo rántí yàrá tó ń jò, mo rántí pé àlejò ni mí, pé ìjọba wọn ò ní gbé ọmọ fún mi. Mo ní rárá. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n lọ sọ fún un fúnra mi, torí ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

Ìdí kànga ni mo ti sọ fún un pé èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀, pé n kò bí i, pé Àǹtí tó ń fọṣọ ni mí. Kò sunkún. Ó bi mí bóyá torí pé òun ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ni. Mo ní rárá. Ó ní òun ò ní tọ̀ mọ́. Màámi, bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, kó lè yé e.

Fún oṣù kan gbáko, kò bá mi pọn omi mọ́. Á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa wò mí. Kò sì tọ̀ mọ́ lóòótọ́. Mátíróònù ní láti ọ̀sán lọ, kì í fẹnu kan omi.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Alóbì, mo lọ bá tọkọtaya náà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, mo sì fọwọ́ sí ìwé pé n kò bí ọmọ yìí, n kò sì bí ọmọ kankan rí. Obìnrin náà di ọwọ́ mi tí obì ti kùn mú, ó sunkún. Èmi ò sunkún níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n wá mú un lọ. Wọ́n wọ bàtà tuntun fún un. Mo rò pé á dì mọ́ mi, mo ti ń ro ohun tí n ó sọ. Ó kúnlẹ̀ fún mi bí ọmọ tí a kọ́ ṣe ń kúnlẹ̀ fún àlejò, ó ní ẹ ṣé, Àǹtí. Ó dìde, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó pè é ní màámi, wọ́n wọkọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Ohun tí mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn, ó sì dùn mí wọ egungun.

Èrè iṣẹ́ náà ni pé ọmọ kan wà ní Ìlíṣàn báyìí tí kò nílò mi mọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń mu omi nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má lọ wò ó, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Mo ṣì ń lọ fọṣọ ní Sátidé. Àǹtí ni wọ́n ń pè mí. Bí ọmọ kan bá ṣèèṣì pè mí ní màámi, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹsẹ̀ yín á le, oúnjẹ ò ní korò lẹ́nu yín, ẹ ò ní sin ìkankan nínú wa. Ẹ bá mi kí ará ilé, kí ẹ kí ará òde.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún. Bí mo bá pè yín lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ tó béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀ wálé, ẹ kọ́kọ́ pè mí ní ọmọ mi. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní sọ nǹkan mìíràn, mo kàn fẹ́ jẹ́ ìpè yín ni.

Èmi ni,
ọmọ yín,
Àbẹ̀ní