Ológbò Alhaji àti Ojú Mi Tó Ń Ṣomi

                                                  Agbo-Ilé Aláṣọ,
                                                  Pàkátà,
                                                  Ìlọrin.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Rahama, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù o. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Minna? Gàní ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Ìkókó tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn, àbí ó ṣì ń fi òru ṣe ọ̀sán? Bí mo bá ní kí n kí yín tán, ìwé yìí á kún kí n tó dé orí ọ̀rọ̀. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Màmá mi ń kí ọ, ó ní orúnkún òun kò ro òun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Má bínú pé n kò pè ọ́ lórí fóònù. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ará ilé lè gbọ́, o sì mọ agbo ilé wa, ògiri ibẹ̀ létí.

O rántí Alhaji Abdulfattah, ọ̀gá mi tó ni ṣọ́ọ̀bù próvísọ̀n ní Challenge, níbi tí mo ti ń tajà láti ìgbà tí a ti jáde sẹ́kọ́ńdírì. Ó ti kú o. Lẹ́yìn Iléyá ni. Ó kírun àsùbáà tán, ó ní àyà ń dun òun, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Ọkùnrin tí kì í pariwo mọ́ èèyàn ni. Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ ẹ.

O tún rántí pé ara mi kì í gba ológbò. Ní ilé kéwú, ìwọ lo máa ń bá mi lé ti Àlùfáà kúrò lórí ẹní kí n tó lè jókòó. Bí irun rẹ̀ bá ti fẹ́ sí mi lára, ojú á wú, imú á máa ṣomi, ọrùn á máa yún mi bí ẹni tó fara kan wèrèpè. Alhaji sì ní ológbò kan, Adú, tó dúdú minijọ, tó ń bá a pa àwọn èkúté tó ń já àpò ṣúgà àti bisikíìtì. Nígbà tí Alhaji rí bó ṣe ń ṣe mí, kò ní kí n máa lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lé ológbò rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó ẹrù sí ló ń tì í mọ́ ní ọ̀sán, ó di ìgbà tí mo bá lọ sílé kó tó tú u sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń gbá irun Adú nílẹ̀ láàárọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi àti òun nìkan la mọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà mi ti wá.

Nígbà tí Alhaji kú, Adú kọ̀, kò gbé yàrá ẹ̀yìn mọ́. Á máa ké, á máa họ ilẹ̀kùn títí màá fi ṣí i. Orí àga Alhaji lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà ni yóò gùn lọ tààrà, á wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Alhaja Hadiza, ìyàwó Alhaji, ti wọ tákàbá nílé wọn ní Fate, kò sì lè jáde títí opó rẹ̀ yóò fi pé. Èmi ló fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ àdúrà fídáù, ohun kan ṣoṣo tó bá mi sọ ni pé, "Nusaybah, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ebi pa Adú. Ohun tí Alhaji fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ nìyẹn." Rahama, wọn kò bímọ. Alhaji kò sì fẹ́ ìyàwó kejì, bí ẹbí ṣe yọ ọ́ lẹ́nu tó. Ta ni yóò wá sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé ológbò ọkọ rẹ̀ ń ni òun lára? Mo panu mọ́.

Bí mo ṣe di ẹlẹ́kún ọ̀sán gangan nìyẹn. Ojú mi pọ́n bí ata. Bí oníbàárà bá ní kí n fún òun ní mílíìkì, màá kọ́kọ́ sín, màá sín, màá nujú, kí n tó nawọ́ sí i. Mo lọ sí kẹ́míìsì kan ní Tanke, obìnrin ibẹ̀ fún mi ní oògùn, ó ní kí n jìnnà sí ológbò. Mo ní mo gbọ́. Oògùn náà dá imú dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n oorun tó ń kùn mí nítorí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn èèyàn á wọlé, wọ́n á bá mi tí mo gbórí lé káńtà, tí ojú mi wú. Wọ́n á ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ ṣe sùúrù." Màá ní àmín. Oníbàárà wo ló fẹ́ gbọ́ pé ẹni tó ń wọn ṣúgà fún òun ń ṣàìsàn?

Ìyá Sufyan tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn. Ó ní ta ló ń sunkún ọ̀gá tó báyìí? Ó ní ẹkún ọ̀gá kọ́, ẹkún ọkọ ni. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ní Alhaji so yìgì mi ní bòńkẹ́lẹ́, pé oyún ló ń kùn mí lóorun, pé nítorí ikùn ni mo ṣe ń wọ híjáàbù ńlá. Èmi tí mo ti ń wọ híjáàbù ńlá láti kékeré! Màmá mi gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ. Ó délé, kò jẹun, ikùn mi ló kàn ń wò. Ó dùn mí ju kó gbá mi létí lọ. N kò sì lè dárúkọ Adú fún un, kó má baà dé etí Alhaja.

Ti Alhaja ló wá ń bà mí lẹ́rù jù. Gbogbo Jímọ̀ ni mo máa ń lọ jíṣẹ́ ọjà fún un, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á ti dé etí rẹ̀, torí Ìyá Sufyan kì í jẹ́ kí opó kan dá jókòó ní gbogbo Ìlọrin. Ṣùgbọ́n Alhaja kò fajú ro sí mi. Wàrà ló ń bù fún mi, èso dàbínù ló ń dì fún mi lọ sílé. Ó ní kí n má gbé páálí wúwo, kí n máa wá alábàárù. Mo rò pé ó mọyì iṣẹ́ mi ni. Inú mi ń dùn, òmùgọ̀ èmi.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó ní kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun jáde. Ó ní kí n jókòó ti òun lórí ẹní. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: "Nusaybah, n ò ní bínú. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra. Bí Alhaji bá so yìgì ẹ, sọ fún mi. O ò tiẹ̀ gbọdọ̀ máa jókòó síta gbangba, ìwọ náà yẹ kó o wà nínú tákàbá. Wá síbí, ká jọ jókòó. Yàrá wà. Ọmọ ò ní jìyà."

Mo ti kó àwíjàre jọ láti ilé o. Mo ti múra láti sunkún, mo ti múra láti fi Kùránì búra. N kò múra sílẹ̀ fún èyí. Mo ní, "Alhaja, ológbò ni." Ó ní, "Ológbò báwo?" Mo bá ṣàlàyé, ti yàrá ẹ̀yìn, ti oògùn, ti oorun. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo fi ibi tí ara mi ti sú hàn án. Bí mo ṣe ń rojọ́ ni mo ń yọ̀ nínú mi pé orúkọ mi ń mọ́, n kò wo ojú rẹ̀. Ìgbà tí mo máa wò ó, ojú náà ti yí padà.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níkùn ẹ?"

Mo ní, "Kò sí, Alhaja. Wàlláhì, kò sí."

Ó nawọ́, ó gbé e lé mi níkùn lórí híjáàbù, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e kúrò. "Alihamudulilahi," ló wí, "o ò parọ́ fún mi." Ó ní òun ti ń ṣàdúrà fún ọmọ náà láti ọjọ́ tí òun ti gbọ́. Ó ní òun ti sọ ọ́ lórúkọ. Kò sọ orúkọ náà fún mi, n kò sì lè bi í.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n gbé Adú wá sí Fate. Ojú mi ti ń dá báyìí, imú mi ti gbẹ. Ṣé o mọ ohun tí Ìyá Sufyan tún ń sọ? Ó ní mo tètè gbàgbé òkú. Alhaja ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń wá kí i pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi, màmá mi sì ti ń jẹun. Ó yẹ kí n máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́, Rahama. Ń ṣe ló ń ṣe mí bí ẹni tó já ọmọ gbà lẹ́yìn ọlọ́mọ.

Bá mi kí Gàní, kí o bá mi gbé ìkókó náà jó. Kí ìyá ọkọ rẹ fún mi, sọ fún wọn pé mo dúpẹ́ fún kúlíkúlí tí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí o bá ń fún ọmọ lọ́mú, rántí Alhaja nínú àdúrà. Má sì sọ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí fún ẹnikẹ́ni: nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà níkùn mi, ó wù mí kí irọ́ tí wọ́n pa mọ́ mi jẹ́ òótọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún,

Nusaybah.