'À Bá Mọ̀' Kọ́, A Mọ̀ Ni

Ọjọ́bọ̀, Ìgàndò.

Irin ìdérí gọ́tà àdúgbò já, Ìyá Táwà jìn sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kán. Múfú wẹ́dà tó ṣe é mọ̀ pé ojú ibi tó jó pọ̀ ti ń ṣí tẹ́lẹ̀. Èmi alága àdúgbò náà mọ̀.

Èmi àti Múfú lọ bẹ̀ wọ́n ní ọsibítù lónìí. Múfú ní, "Mà, àbámọ̀ ńlá ló jẹ́ fún wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Àbámọ̀ kẹ̀? 'À bá mọ̀' ló di àbámọ̀. Ẹ̀yin sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ jàre! Ẹ ronú, kí ẹ pa ìwà dà. Ìyẹn ni ìrònúpìwàdà."

Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó là á yé mi báyìí rí. Ọpọlọ wọn mú ṣá!

Mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Múfú: "Jọ̀ọ́, jó irin tuntun síbẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán Sátidé tó lù. Èmi fúnra mi ni màá bá ọ dì í mú."