Gáùn Ọ̀fọ̀ Tó Ṣí Kí Ọdún Tó Pé

Òde Rẹ́mọ,
Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹjọ, ọdún 1996.

Máyọ̀kún ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ọlọ́run tó jí ọ láàárọ̀ yìí kò ní fi ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí yóò ṣe ọ́ lóore ni wàá máa bá pàdé, ẹni tí yóò ṣe ọ́ níbi yóò ṣì ọ́ mọ̀ sí ẹlòmíràn, yóò sì kọjá lọ. Àmín. Tó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni lẹ́tà yìí ti bá ọ, fi í sápò títí o fi máa délé, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò dára láti kà níwájú ọ̀gá rẹ.

Ilé wà. Ewúrẹ́ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ti bí ìbejì, akọ ni méjèèjì. Ilé ìdáná ń jò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ló ti ń jò, mo ti gbé àdògán sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Málàmù tó máa ń ra obì lọ́wọ́ bàbá rẹ ní Sábó wá kí mi. Ó jókòó, ó kàn ń wo àga bàbá rẹ. Nígbà tó máa lọ, ó gbé obì gbàǹja kan sórí àga náà bí ẹni tó ń gbé e fún èèyàn. N kò tíì lè kó obì náà kúrò níbẹ̀.

Mo wá ọ lórí fóònù. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣàgámù, mo fún àwọn tó ń bá èèyàn pe fóònù ní nọ́ńbà ibi iṣẹ́ rẹ, obìnrin kan sì gbé e. Ó sọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ tí nǹkan bá ti dún. Nǹkan dún lóòótọ́. Mo kí i, mo bi í léèrè ilé àti ọ̀nà, mo ní ọmọ ta ni, kò dá mi lóhùn. Mo sọ fún un pé opó ni mí, pé oṣù márùn-ún nìyí tí ọkọ mi ti lọ, kò tilẹ̀ sọ pé ẹ kú ọ̀fọ̀. Nǹkan tún dún, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Bí ẹ bá ń jẹun pọ̀, má torí mi bá a jà, ó lè jẹ́ pé òun náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó jíṣẹ́ mi?

Iṣẹ́ tí mo rán an nìyí. Gáùn dúdú mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ rẹ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ, mo wọ méjì nínú wọn, mo fi ìkẹta sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ de ọjọ́ ìsìn ìrántí. Àpò kékeré kan wà nínú ọ̀rá náà, nǹkan bí iyọ̀ oníhóró wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a má jẹ ẹ́. Mo ti tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ, n kì í ṣe ẹni tí ń jẹ iyọ̀ oníyọ̀. Àwọn gáùn náà, Máyọ̀kún, wọ́n ti ṣí. Ọ̀kan ti dà bí eérú, èkejì ń pọ́n bọ̀ bí ilẹ̀ ọ̀dàn. O sì mọ̀ pé nínú ẹbí bàbá rẹ, ọdún kan gbáko ni opó fi ń wọ dúdú.

Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n di etí aṣọ mi mú, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n ní, Ìyàwó, ta ni ò ń fọ aṣọ yìí dè? Mo ní ìyá mi, ẹ má bínú, bí aṣọ náà ṣe rí nìyẹn, Máyọ̀kún ọmọ yín ló fi í ránṣẹ́. Wọ́n ní aṣọ kì í ṣí fúnra rẹ̀, ọwọ́ ló ń ṣí i. Wọ́n ní àbúrò àwọn kò tíì jẹrà tán, mo ti ń fọ̀ ọ́ kúrò lára. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Ọ̀kan tilẹ̀ gbé ẹrù tó wà lórí rẹ̀ sọ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

Wọ́n ti pe ìpàdé ẹbí sí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá dá mi lẹ́bi pé mo bọ́ dúdú kí ọdún tó pé, ohun tí wọn yóò sọ ni pé mo ti kọ ọkọ, kí n kó ẹrù mi, kí n máa lọ sílé àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Ìpẹ̀rú. Ìpẹ̀rú kò jìnnà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ fèrèsé mi ni wọ́n sin bàbá rẹ sí. Tí mo bá ti ṣí fèrèsé láàárọ̀, àwọn ni mo kọ́kọ́ ń kí. Mo máa ń sọ fún wọn bí obì ṣe ń lọ sí lọ́jà. Tí mo bá wà ní Ìpẹ̀rú, ta ni yóò máa sọ fún wọn?

Mo yẹ gáùn náà wò látòkè délẹ̀ kí n lè mọ ohun tó ṣe é. Mo rí àkọlé funfun kékeré kan lọ́rùn rẹ̀. Ọmọdé kan ya àwòrán sí i: ọpọ́n omi tí ọwọ́ wà nínú rẹ̀, igun mẹ́ta, àti áyọ́ọ̀nù. Tíṣà sì ti fa igi méjì kọjá lórí igun mẹ́ta àti áyọ́ọ̀nù. Èmi náà ka ìwé mẹ́fà, mo mọ ohun tí tíṣà ń fà sórí iṣẹ́ tí kò dára. Ọpọ́n nìkan lọmọ náà gbà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí áyọ́ọ̀nù tó yà yẹn jọ áyọ́ọ̀nù.

Hephzibah, ọmọ tíṣà tó wà nílé kejì, tó ń kàwé lọ́dọ̀ àwọn Sẹ́fẹ̀ńtì-Déè ní Ìlíṣàn, ló là mí lójú lánàá. Ó ní kì í ṣe ọmọdé ló yà á, ó ní òfin ni. Ó ní wọ́n ní kí n má fi áyọ́ọ̀nù kàn án, kí n má fi oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun fọ̀ ọ́, kí n rọra fọwọ́ fọ̀ ọ́. Máyọ̀kún, gbọ́ ohun tí mo ti ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni mo ń kó ẹ̀yinná sínú áyọ́ọ̀nù bàbá rẹ, tí mò ń fi lọ gáùn yẹn títí ó fi ń dán, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé opó Olúsànyà rí jákujàku.

Mo tún bi Hephzibah léèrè nǹkan kan. Mo sọ fún un pé o kọ̀wé sí mi nígbà tí o gba iṣẹ́ náà pé aṣọ tí ẹ ń tà kì í ṣe aṣọ fáàrí, pé síńgílẹ́ẹ̀tì ni, ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní ọ̀ṣọ́ àti gáùn lásán, ohun tí gbogbo èèyàn nílò, ní iye tí tálákà lè san. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn pé aṣọ kan wà tí wọ́n ń yára rán, tí wọ́n ń yára tà, tí a ó yára jù nù ká lè tún ra òmíràn, aṣọ a-wọ̀-sọnù. Mo ní ṣé tiyín wà nínú rẹ̀? Ó ronú, ó ní òun rò pé kò sí, nítorí gáùn tí kò ní ọ̀ṣọ́ kò ní àṣà tí yóò kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi títí mo fi dórí ẹní. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé, tí aṣọ rẹ bá dára, ọwọ́ mi ló ṣí i, àwọn Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù sì jàre. Tí ọwọ́ mi bá sì mọ́, aṣọ rẹ ni kò dára. Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, n kò mọ èyí tí mo lè bẹ Ọlọ́run fún. Mo tún dìde.

Mo fi bíírò sílẹ̀ ná.

Ọjọ́ Ajé ni mo tún mú un. Wọ́n ti ṣe ìpàdé náà.

Bàbá Akínbọ́lá olórí ẹbí ló jókòó sórí àga bàbá rẹ. Wọ́n kọ́kọ́ mú obì yẹn, wọ́n wò ó, wọ́n rọra fi í sórí tábìlì, wọn kò bèèrè. Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù tẹ́ gáùn méjèèjì sórí ẹní bí ẹni sá èlùbọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ẹbí wá wo ọ̀fọ̀ oṣù márùn-ún. Bánkẹ́, ọmọ àbúrò bàbá rẹ tó ń ránṣọ ní Sábó, gbé ọ̀kan, ó fa okùn kan níbi ìṣẹ́tí rẹ̀, ìṣẹ́tí náà sì tú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ẹ ò rí i, aṣọ a-wọ̀-sọnù ni, bí wọ́n ṣe ń rán an nìyí kí èèyàn lè tètè padà wá ra òmíràn, kí ẹ fi ìyá sílẹ̀.

Èmi tí ó ń gbà sílẹ̀ ni mo dìde tí mo já a nírọ́. N kò lè gbà kí wọ́n pe iṣẹ́ rẹ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Mo ní pọ́ọ́kú kì í ṣe a-wọ̀-sọnù. Mo ní gbogbo wọn ló mọ ṣòkòtò kákí tí Olúsànyà rà ní pọ́ọ́kú lórí ilẹ̀ ní Sábó, wọ́n fi gun igi obì, wọ́n fi gbé àpò, nígbà tí orúnkún rẹ̀ já mo gé e kúrú, wọ́n tún ń wọ̀ ọ́ lọ sóko. Mo ní aṣọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ ni aṣọ tó ń pẹ́. Mo ní aṣọ ọmọ mi dára.

Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù ní ó dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní aṣọ ọmọ rẹ dára. Kí ló wá ṣí i?

Mo wo Bánkẹ́, Bánkẹ́ ń wo mí bí ẹni ń wo ẹni tó já sínú kànga tí wọ́n na okùn sí tó ní òun kò fẹ́. Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé.

Bàbá Akínbọ́lá ló là á. Wọ́n ní ṣé èyí tí omi kò tíì kàn wà níbẹ̀? Mo lọ mú ìkẹta wá nínú ọ̀rá rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n pọn omi tútù, wọ́n ní kí Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù fúnra wọn fọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ọwọ́ opó wà nínú rẹ̀. Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ní àwọn náà mọ aṣọ fọ̀, àwọn fọ ti àbúrò àwọn nígbà tí kò tíì lè rìn. Wọ́n ri gáùn náà sómi. Omi mọ́ kedere. Wọ́n wò mí. Wọ́n fi ọṣẹ ìwẹ̀ pa á, wọ́n rọra fún un. Omi ṣì mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi sì ti ń ronú pé inú àpótí wo ni màá kó àwòrán bàbá rẹ sí. Wọ́n wá fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n ṣe fa ọwọ́ yọ, omi náà ti dú bí aró, ọwọ́ wọn méjèèjì sì dúdú dé ọrùn ọwọ́.

Bánkẹ́ pariwo, ó ní ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin náà ti wọ ọ̀fọ̀ o! Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Bàbá Akínbọ́lá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. O mọ̀ pé àgbà kì í wọ dúdú fún àbúrò. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, aṣọ aláwọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ kiri, èmi ni mò ń wọ dúdú lójú wọn. Wọ́n ní Olúsànyà. Wọ́n tún ní Olúsànyà. Wọ́n wá bú sẹ́kún, ẹ̀rín ilé sì kú.

Bàbá Akínbọ́lá ní kí n jókòó sílé ọkọ mi. Wọ́n ní kí n ra aṣọ dúdú tí kì í ṣí ní Ṣàgámù, kí n fi parí ọdún.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí parí ni èyí. Nígbà tí omi yẹn dú, inú mi dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lóhùn òkè, lójú gbogbo èèyàn, pé iṣẹ́ ọmọ mi kò dára. Wọ́n ní a-wọ̀-sọnù ni, èmi náà sì fi ẹnu mi sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn. Ó yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu Bánkẹ́. Ṣùgbọ́n pọ́ọ́kú ò ṣe mí ní nǹkan kan, pọ́ọ́kú la fi tọ́ ọ dàgbà. Aró tí kò mú lára òwú ni mò ń bá wí, àti okùn tí kò ní kókó. Ìyẹn kò ní kí aṣọ wọ́n. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, jẹ́jẹ́, nígbà tó bá jẹun tán, bóyá ó mọ̀ pé àwọn opó ń ra dúdú rẹ̀, àti pé kì í ṣe gbogbo ẹbí ló máa pọn omi.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún aṣọ tí wọ́n ní kí n rà, kí ó kù fún páànù méjì tí a ó fi bo ilé ìdáná. Bí kò bá sí, má yá a, ìwọ ni kó o wá.

Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù wá láàárọ̀ yìí. Wọn kò kí mi, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé lọ sábẹ́ fèrèsé mi, wọ́n jókòó. Aró náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo gbé e fún wọn pé kí wọ́n fi pa á, yóò bọ́. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Láídé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé, wọn kò pe orúkọ mi rí.

Ohun tí o bá dì kò ní tú. Àwọ̀ ayọ̀ rẹ kò ní ṣí. Ẹni tí yóò sin mí, Ọlọ́run yóò dá a sí fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Láídé Olúsànyà.